Ẹ Sọ Ọjọ́ Orí Ìyàwó Kí Fíìmù Tó Bẹ̀rẹ̀

Nínú Apur Sansar, fíìmù tí Satyajit Ray, olùdarí fíìmù ará Bengal ní Íńdíà, gbé jáde lọ́dún 1959, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Apu bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ní abúlé, ló bá di ọkọ ìyàwó lójijì. Orí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ fún kò pé, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé bí wákàtí ìgbéyàwó bá kọjá, ègún ti mọ́ ọmọbìnrin náà lórí nìyẹn. Wọ́n bẹ Apu, Apu gbà. Ẹnikẹ́ni kò bi Aparna, ìyàwó náà, léèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú ìtàn ìfẹ́ tó dùn jù lọ ní sinimá Bengal ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún 14 ni Sharmila Tagore tó ṣe Aparna nígbà tí fíìmù náà jáde. Soumitra Chatterjee tó ṣe ọkọ rẹ̀ jẹ́ 24. Láti ọdún 1949 ni òfin Íńdíà ìgbà náà sì ti sọ pé ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ pé 15 kó tó lọ sílé ọkọ.

Aparna kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀dọ̀ Apu ni kámẹ́rà dúró sí, a sì bá Apu sunkún, torí iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Gbogbo fíìmù Bengal tó dá lórí irú ìyàwó báyìí kò rí bákan náà o. Nínú Devi, ọdún 1960, Ray kan náà mú Sharmila padà: bàbá ọkọ lálàá pé ìyàwó ọmọ òun ni òrìṣà Kali, wọ́n sì ń bọ ọ́ títí orí rẹ̀ fi dàrú. Fíìmù yẹn mọ ohun tó ń wò. Samapti ti ọdún 1961, tó wá láti inú ìtàn tí Rabindranath Tagore, akéwì Bengal, kọ, há sáàárín: Mrinmoyee, ìyàwó inú rẹ̀, gba orí igi sọ̀ kalẹ̀ lóru ìgbéyàwó, ó lọ ń gun jangirọ́fà létí odò, ṣùgbọ́n kí fíìmù tó parí, ìfẹ́ ti tù ú lójú. Ní ti Balika Badhu tí Tarun Majumdar ṣe lọ́dún 1967, oyin lásán ni. Ọmọdé di ìyàwó, àwa sì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan á ní ayé ìgbà yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Tagore fúnra rẹ̀ jẹ́ 22 nígbà tó fẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ní 1883. Àmọ́ ayé ìgbà yẹn kan náà ni Phulmoni, tí kò tíì pé 12, kú lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ní Calcutta, tí ariwo ikú rẹ̀ sì wà lára ohun tó bí òfin ọdún 1891, tó ní ọkọ kò gbọ́dọ̀ bá ìyàwó tí kò tíì pé 12 lò pọ̀. Ta ló wá sọ pé àwọn ará ìgbà náà kò mọ̀? Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di àtijọ́. Láti 2013 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Bengal Ìwọ̀-Oòrùn ní Íńdíà ti ń fún ọmọbìnrin tó bá pé 18 láìtíì lọ́kọ, tó ṣì ń kàwé, lówó ìrànwọ́. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba Íńdíà láti 2019 sí 2021 fi hàn pé nínú 100 obìnrin ọmọ ọdún 20 sí 24 níbẹ̀, bí 42 ló ti wọlé ọkọ kí wọ́n tó pé 18.

A kò ní kí wọ́n gé fíìmù kankan, a kò sì ní kí wọ́n tì í mọ́ àpótí. Ẹni tó bá gé Devi ti pa ẹlẹ́rìí. Àwọn tó ń tún àwọn fíìmù yìí ṣe, tí wọ́n ń fi wọ́n hàn níbi àjọ̀dún sinimá àti ní yunifásítì, ni ọ̀rọ̀ wa kàn: ẹ yéé fi «ìfẹ́» nìkan polówó wọn. Ìlà mẹ́ta péré lórí aṣọ funfun, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ti tó: orúkọ fíìmù, ọjọ́ orí ọmọbìnrin tó ṣe ìyàwó, àti iye ọdún tí òfin ń béèrè lọ́dún tí wọ́n yà á.