Ẹni Tó Bá Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Nílé Ìwòsàn, Ẹ Wá Arọ́pò Rẹ̀ Kíá

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń jápa bá délẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni àwọn tó ń ṣèjọba máa ń sáré lọ, bí wọ́n ṣe máa tìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àbá òfin kan kọjá ìpele kejì nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, pé kí dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní Nàìjíríà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún 5 nílé kó tó gba ìwé àṣẹ ní kíkún. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní àwọn ò ní í jẹ́rìí sí ìwé nọ́ọ̀sì kankan fún òkè òkun àfi tó bá ti lo ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tú síta láti fẹ̀hónú hàn l'Ékòó àti l'Ábújá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Inú wọ́ọ̀dù ni ohun tó ń lé àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ wà, ìṣirò tí ẹnikẹ́ni ò jókòó ṣe sì wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọjọ́ 260 nìyẹn. Ẹ yọ ìsinmi ọdún ọjọ́ 30, ọlidé 12, ọjọ́ àìsàn 5 àti ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 5, ó ku 208. Ní wákàtí 8 lójúmọ́, wákàtí 1,664 ni nọ́ọ̀sì kan ní fún aláìsàn lọ́dún. Àmọ́ wọ́ọ̀dù kì í tilẹ̀kùn. Wákàtí 24 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 365 jẹ́ 8,760. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 1,664, ẹ ó rí i pé kí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó lè máa wà nídìí ibùsùn tọ̀sán-tòru, èèyàn 5 ó lé díẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ gbà síṣẹ́.

Ká wá mú wọ́ọ̀dù oníbùsùn 30 kan tó nílò nọ́ọ̀sì 5 láàárọ̀, 4 lọ́sàn-án, 3 lóru. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12 lójúmọ́. Alábòójútó tó bá wo 12 yìí á ní bí nọ́ọ̀sì 14 bá wà nílẹ̀, wọ́n ti pé, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Irọ́ ni. Èèyàn 12 lójúmọ́ fún ọjọ́ 365 jẹ́ 4,380; ẹ pín in sí ọjọ́ 208 tí nọ́ọ̀sì kan ń ṣe lọ́dún, èèyàn 21 ni iṣẹ́ yẹn gbà. Bí àwọn 14 bá ní káwọn máa gba gbogbo ìsinmi tó tọ́ sí wọn, wákàtí 60 ni kálukú wọn máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó bá fi wà lẹ́nu iṣẹ́, dípò 40. Bí 2 nínú wọn bá wá gba Lọ́ńdọ̀nù lọ tí ẹnikẹ́ni ò rọ́pò wọn, 60 yẹn á di 70. Ẹni tó ti ń ronú àtilọ tẹ́lẹ̀ á parí ìrònú rẹ̀ lóṣù yẹn. Bí ẹni tó lọ ṣe ń ti ẹni tó kù nìyẹn, ibẹ̀ la sì fẹ́ kí ìjọba kọjú sí.

Ìṣirò yìí kì í ṣe tuntun. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní WISN tó bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí gan-an, tó wá ń wọn iṣẹ́ fúnra rẹ̀: wákàtí tí ìgbẹ̀bí kan ń gbà, tàbí ìṣẹ́jú tí wíwẹ egbò kan ń gbà. Kò sí ilé ìwòsàn ìjọba tí agbára rẹ̀ ò ká a. Bébà, kálámù àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ aláìsàn ti tó o.

Àwọn tó ń di ìwé mú lórí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ máa ń ní kò sí owó. A ò gbà. Owó oṣù ẹni tó lọ ti wà nínú ìṣúná ọdún kó tó lọ, torí náà ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kún un. Ohun tó ń dá nǹkan dúró ni pé ilé ìwòsàn ò láṣẹ láti gba ẹnikẹ́ni. Ó di dandan kó kọ̀wé sí òkè, kí òkè tún kọ̀wé sí òkè mìíràn, kí àyè tó ṣí. Nígbà tí àwọn dókítà inú ẹgbẹ́ NARD, ìyẹn àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ síi nílé ìwòsàn, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, mímú ìdènà yìí kúrò wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, gbígba òṣìṣẹ́ síi wà nínú tiwọn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn kì í fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kì í kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, wọn á kàn dẹ́kun àtiwá. Orúkọ wọn á ṣì wà lórí ìwé owó oṣù. Lórí ìwé, wọ́ọ̀dù ní nọ́ọ̀sì 20. Nídìí aláìsàn, wọ́n jẹ́ 13. Bí ìwé bá dé òkè, òkè á ní kí lẹ tún ń wá? Ìdí nìyí tí a fi ní kí mátírọ̀ọ̀nù wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan máa fi iye mẹ́ta ránṣẹ́ lóṣooṣù: iye tó wà lórí ìwé, iye tó wá síṣẹ́ ní tòótọ́, àti iye tí ìṣirò ní ó yẹ kó wà. Ẹni tí kò bá wá fún oṣù kan láìsọ ìdí, kí wọ́n dá owó rẹ̀ dúró, kí wọ́n sì ṣí àyè rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ti ìfẹ̀yìntì kò tiẹ̀ yẹ kó bá ẹnikẹ́ni lójijì, torí ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ kálukú wà nínú fáìlì. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí i pé kí ọdún ìfẹ̀yìntì àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn kúrò ní 60, kó di 65. Ó dáa, ó ra àkókò fún wa. Àmọ́ ẹni ọdún 63 kọ́ ló yẹ kó máa ru iṣẹ́ òru. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ ló yẹ kí wọ́n fi irú wọn sí.

Ibi tó dùn wá jù ni ti ẹni tuntun. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé owó, kó máa yáwó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya owó kan sọ́tọ̀ tí ilé ìwòsàn á fi máa san owó oṣù rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́, tí wọ́n á dá a padà nígbà tí orúkọ bá wọlé. Ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ sí ìletò, kí ilé tó ní omi àti iná ti wà nílẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìṣíkiri àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. A ní kí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá má dúró de Àbújá. Kí wọ́n ṣòfin tó fún ọ̀gá ilé ìwòsàn láṣẹ láti rọ́pò ẹni tó lọ láìgba ìwé mìíràn, kí wọ́n sì máa lẹ iye nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti iye tó yẹ kó wà mọ́ ara ògiri wọ́ọ̀dù, níbi tí ẹbí aláìsàn ti lè kà á.