Àtúnṣe: Exists inú Django kì í ka gbogbo ìlà

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp láàárín àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Kàbà, Mọ́pà àti Ìsánlú, pé kí a má ṣe lo Exists (tó ń béèrè bóyá ìlà kan wà tó bá ìbéèrè mu) inú Django, ohun èlò Python tí a fi ń kọ ìkànnì, mọ́, nítorí pé ó máa ń ka gbogbo ìlà inú tábìlì kejì tán kí ó tó dáhùn, àti pé count(), tó ń ka iye ìlà, yá jù ú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kajú ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fẹ́ mọ àwọn tó ti ta ọjà rí, count() yóò ka gbogbo títà àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbáà tó 2,000, kí a tó lè fi iye náà wé òdo. Ṣùgbọ́n Exists, tí Django ń fi SELECT 1 àti LIMIT 1 kọ sínú SQL (èdè tí a fi ń bi ibi ìpamọ́ dátà ní ìbéèrè), lè dúró níbi ìlà àkọ́kọ́ tó bá ìbéèrè mu. PostgreSQL, ètò ìpamọ́ dátà, tilẹ̀ sábà máa ń sọ EXISTS di semi join (síso tábìlì méjì pọ̀ kìkì láti mọ bóyá ìlà tó bára mu wà), tí kò fi ní í máa tún ìbéèrè inú ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lóòótọ́, ṣáájú Django 3.0 tó jáde ní 2019, a ní láti kọ́kọ́ gba ọ̀nà annotate() (tó ń fi iye àfikún kún ìlà) kí filter() (tó ń ṣa ìlà) tó lè lo Exists, ìyẹn sì máa ń mú kí SQL gùn.

Ibi tí ìfàsẹ́yìn ti lè wá ni òpó (kọ́lọ́ọ̀mù inú tábìlì) tí kò ní index (atọ́ka tó ń mú ìwákiri yá), pàápàá fún àgbẹ̀ tí kò tíì ta nǹkan kan, torí kò sí ìlà tí ìwákiri lè dúró lé. Django fúnra rẹ̀ ń ṣe index fún ForeignKey (òpó tó ń so tábìlì kan mọ́ òmíràn). Àwọn òpó mìíràn, bí ọjọ́ títà, ni kí ẹ yẹ̀ wò.