Kì í ṣe tìtorí rédíò ni wọ́n ṣe ti Ṣóyínká mọ́lé f'ọ́dún méjì o

Mo wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi lánàá, bàbá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń sọ bí Wọlé Ṣóyínká ṣe yọ ìbọn sáwọn òṣìṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn, tí Gowon sì torí ẹ̀ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń mi orí, èmi ni mi ò lè mi tèmi torí kílípà wà létí mi. Ìtàn yẹn dùn o, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tibi àìmọye èèyàn ni mo sì ti ń gbọ́ ọ.

Ti rédíò yẹn, October 1965 ni. Wọ́n ti dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn, màgòmágó inú ẹ̀ kọjá sísọ, Akíntọ́lá tó jẹ́ Premier ti gbohùn ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ pé òun ti wọlé. Làwọn èèyàn bá tan rédíò nílé, ohùn ẹlòmíì ni wọ́n gbọ́, tó ń ní kí Akíntọ́lá gbé ìjọba sílẹ̀! Ẹnì kan ti gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò lọ pààrọ̀ téèpù. Wọ́n mú Ṣóyínká, ẹ̀sùn tí wọ́n wá kà sí i lọ́rùn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, olè ni wọ́n pè é, pé ó fipá gba téèpù méjì. Téèpù kẹ̀! Adájọ́ Kayode Eso ló gbọ́ ẹjọ́ yẹn, kí December tó parí ó ti dá a sílẹ̀ torí ẹ̀rí ìjọba ò dúró. Yàtọ̀ sí àtìmọ́lé kó tó dìgbà yẹn, kò ṣẹ̀wọ̀n kankan lórí ẹ̀. (Nígbà tó yá, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni.)

Ẹ̀wọ̀n gidi yẹn, August 1967 ló bẹ̀rẹ̀. Ogun Biafra ti bẹ́ sílẹ̀, Ṣóyínká kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró, kò tán síbẹ̀, ó tún forí la ojú ogun lọ bá Ojukwu ní Enugu. Bó ṣe padà dé, ìjọba ní Biafra ló ń ṣiṣẹ́ fún, wọ́n gbé e. Kò sí kóòtù, kò sí adájọ́, October 1969 ló tó jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oṣù tó fi wà níbẹ̀ ló sì jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n ní Kàdúná.

Ibi tó dùn mí sí rèé, torí bẹ́ ẹ bá ní ìbọn ló gbé e dẹ́wọ̀n, ẹ ti sọ ọ́ di jàgídíjàgan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni ọkùnrin yẹn lọ bẹ̀. Ìwé tó sì ti ẹ̀wọ̀n yẹn jáde ò ní yé yín dáadáa. Wọn ò fún un ní bébà, wọn ò fún un ní bírò, ó po íǹkì fúnra ẹ̀, ó ń kọ̀wé sórí tíṣù, ó ń kọ ọ́ sáàárín ìlà ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, títí kan Idanre, ìwé ewì tòun alára! Ewì tó kọ lẹ́wọ̀n ti jáde ní 1969. Lẹ́yìn náà ni eré onítàn Madmen and Specialists, A Shuttle in the Crypt tó jẹ́ ewì, The Man Died tó fi sọ ìtàn ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ní 1972, àti ìtàn àròsọ Season of Anomy ní 1973. Ẹ kà wọ́n wò, ogun ló kún inú wọn, kò síbi tí ọ̀rọ̀ téèpù wọ̀.

Mo ro gbogbo ẹ̀ fún bàbá yẹn, ó wò mí nínú dígí títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọdún wo ni wọ́n tiẹ̀ bí ẹ?" Mo ní ẹ má bínú sà, 1966 ni Gowon gbàjọba.