Orin Ayé Àtijọ́ Tó Jáde Lánàá

Bí o bá ń gbé Abẹ́òkúta lásìkò yìí tí o kò tíì gbé orin ìfẹ́ kan jáde, lọ yẹ ara rẹ wò. Kì í sì í ṣe orin ìfẹ́ lásán o. Sóòlù ni, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, irú èyí tí iléeṣẹ́ Motown bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ sáwo nílùú Detroit lọ́hùn-ún ní 1959: fèrè lọ́tùn-ún lósì, àwọn obìnrin tó ń gbè "úù, úù" lẹ́yìn, àti ọkùnrin kan tó ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí sọ́jà mú.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń jà ràn-ìn nílẹ̀ báyìí. Olórin náà ò ju ọmọ ọdún 23 lọ, àmọ́ nínú fọ́tò rẹ̀, ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀ ló wọ̀, ó fara ti Pijó 404 tí kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́ńwá. Ó ń kọrin pé òun ń retí lẹ́tà olólùfẹ́ òun. Lẹ́tà wo? Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ka mẹ́séèjì rẹ̀ lórí WhatsApp tí wọn ò fèsì, kíá lá ti bú ẹkún sórí sítátọ́ọ̀sì!

Ẹ fetí sí orin náà dáadáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nǹkan kan ń ta pàrà-pàrà lábẹ́ ohùn rẹ̀. Ariwo eruku orí àwo àtijọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi da eruku náà sí i, wọ́n sì sanwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá wa tó ní gírámafóònù, ṣe ni wọ́n ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu àwo kó má baà pariwo; ọmọ tó bá fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ti fọwọ́ kan ìyà. Bí bàbá ṣe kú tán, a gbé gírámafóònù fáwọn tó ń kígbe kọndẹ́ẹ̀mù kiri àdúgbò. Àwo Àyìnlá Ọmọwúrà bá a lọ. Ìtòkò níbí ni Àyìnlá ti kọrin títí tó fi kú ní 1980, kò tọrọ ohùn lọ́wọ́ ará Detroit kankan.

Ṣebí sóòlù ti dé ọ̀dọ̀ wa rí. Olórin kan, Geraldo Pino, gbé e wá láti Sierra Leone, Èkó gbóná. James Brown, àgbà olórin sóòlù Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ dé ní 1970. Fẹlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí ní 1938, gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó gbójú fò dá lẹ ń ṣà yìí.

Ọjọ́ ìkójáde, ní Òkè-Ìléwó, wọ́n tilẹ̀ ta àwo gidi, àwo kékeré tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan. Mo bi ẹni tó ra méjì bóyá ó ní ohun tó máa fi gbọ́ ọ. Ó ní ara ògiri lòun máa so wọ́n mọ́.

Wọ́n gbé ìyá àgbà olórin náà jókòó síwájú, pẹ̀lú ìró àdìrẹ Ìtọ́kù, kí gbọ̀ngàn lè rí bí ayé àtijọ́. Alága ìjókòó na gbohùngbohùn sí i: "Màmá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń jó láyé tiyín?"

"Àpàlà là ń jó, ọmọ mi. Àwọn tó ń wọ irú ṣòkòtò yìí, ìyá mi ní bí mo bá dá wọn lóhùn, òun á gbá mi létí."

Wọ́n ti gba ohùn màmá sílẹ̀ o. Mo gbọ́ pé òun ló máa ṣíde orin kejì, bí wọ́n bá ti da eruku sí i tán.