Egungun Ní Ọjọ́ Tirẹ̀, Iṣan Ìmọ̀lára Ní Ọjọ́ Tirẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìgbáròkó mi ọ̀tún, nọ́ọ̀sì kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, ó ní kí n gbé iwájú ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè. Ti òsì dìde, ti ọ̀tún kò mira. Mo tún gbìyànjú, mo fi eyín há ètè, mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà bí ìyá tó ń pe ọmọ tí kò jẹ́ ẹ lóhùn, síbẹ̀ kò gbéra. Nọ́ọ̀sì náà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ara mi kú kò tíì tán lára mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, abẹ́rẹ́ ti tán, ẹsẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà dé, ó kọ́kọ́ gbé àwòrán egungun mi sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní iṣẹ́ náà dára púpọ̀, oríkèé tuntun jókòó síbi tó yẹ. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi kò gbéra o." Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, Màmá, yóò padà bọ̀ sípò."

Oṣù 14 ni mo ti ń ní sùúrù náà báyìí, ohun tó sì wà lọ́kàn mi ni pé kò tọ́ kí a ní kí ènìyàn ṣe sùúrù láìsọ ohun tó ń dúró dè fún un. Iṣan ìmọ̀lára ni okùn inú ara tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹran, tó sì ń gbé ìmọ̀lára padà. Èyí tó bá fara pa nígbà iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó jẹ́ àìsàn kan lọ́tọ̀. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní oògùn tirẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún aláìsàn láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n má ṣe fi àwòrán egungun tó dára bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀, nítorí n kò mọ̀ ọ́n kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sciatic, òun ló tóbi jù lọ nínú ara ènìyàn. Ẹ̀yìn oríkèé ìgbáròkó gan-an ló ń gbà kọjá sọ̀kalẹ̀ sí itan, kó tó pín sí méjì lókè orúnkún. Apá kan ń lọ sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Apá kejì, tí wọ́n ń pè ní peroneal, ń yí gba ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún, òun ló sì ń pàṣẹ fún ẹran tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè nígbà tí a bá ń rìn. Apá kejì yìí ló sábà máa ń fara gbá a jù, nítorí pé ohun rírọ̀ tó yí àwọn fọ́nrán rẹ̀ ká kò tó ti ìkejì rẹ̀, àti nítorí pé ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ egungun nítòsí orúnkún, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fa ẹsẹ̀, kò rí ibi sún sí. Ìdí nìyí tí ìgbáròkó mi fi dára tí ẹsẹ̀ mi sì ń wọ́ nílẹ̀: òkè ló ti fara pa, ìsàlẹ̀ ni ìyà rẹ̀ ti hàn.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ gùn ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n fi oríkèé tuntun sí i, tí iṣan náà sì nà kọjá agbára rẹ̀. Ó lè jẹ́ irin tí wọ́n fi ń fa ẹran sẹ́yìn kí wọ́n lè ríran ló tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn jọ sínú ẹran, tó wá fún un mọ́lẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi dọ̀la. Nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, wọn kì í rí ìdí kan pàtó. Mo wà lára àwọn tí wọn kò rí ìdí kan pàtó fún, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó gbà lọ́kàn mi pé kò sí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ìgbáròkó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tí wọ́n ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, àti fún àwọn tí a bí pẹ̀lú oríkèé tí kò jókòó dáadáa. Mo buwọ́ lu ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, ní ìlà kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ ìlà. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ sá fún iṣẹ́ abẹ yìí. Láti ọdún 1962 tí dókítà John Charnley ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú oríkèé tó wá di àwòkọ́ṣe sí ara àwọn aláìsàn rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìmọye ènìyàn tí wọn kò lè sùn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n sì ń rìn. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju pé kí ẹnì kan jókòó ti aláìsàn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ìlà yẹn fún un, kó sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ó bá bọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún mi lọ sílé, ọjọ́ egungun nìkan ló wà nínú rẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ 6, a ó máa rìn dáadáa, ní oṣù 3, a ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń wọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tí oṣù kẹta pé, mo sunkún mọ́jú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé iṣan ìmọ̀lára tí fọ́nrán inú rẹ̀ bá já, tó wá ń hù padà, nǹkan bíi mìlímítà 1 ló ń lọ lóòjọ́. Físíò tó ń tọ́jú mi, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ló mú téèpù lọ́jọ́ kan, ó wọn ẹsẹ̀ mi láti ẹ̀yìn ìgbáròkó dé ibi tí ẹran tó ń gbé ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀." Mo ṣírò rẹ̀, ó di 450 ọjọ́, ìyẹn bí oṣù 15, kó tó dé ẹnu ẹran náà lásán. Mo tún sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti kúrò lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Mo ti ní ọjọ́ tí mo lè máa kà.

Kì í ṣe gbogbo ìfarapa ló rí bákan náà, èyí sì tún wà lára ohun tó yẹ kí aláìsàn mọ̀. Láti ọdún 1943 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Seddon ti pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ti àkọ́kọ́, iṣan náà kàn dákú ni, kò já, ó sì lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Nínú ti ìkejì, fọ́nrán inú rẹ̀ ti já ṣùgbọ́n awọ tó bò ó ṣì wà, ó sì lè gba inú awọ náà hù lọ. Ẹ̀kẹta ni èyí tó gé pátápátá, tí kì í lè dá so ara rẹ̀ pọ̀. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fi iná díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ṣe, tó ń tọ́ka sí bí ìpalára náà ṣe jinlẹ̀ tó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 lẹ́yìn ìfarapa ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́, nítorí pé bí a bá yá a jù, àmì rẹ̀ kò tíì jáde. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó ṣe é fún mi, èmi ni mo sì bèèrè fún un. Bí wọ́n bá ti sọ lọ́jọ́ kẹta pé, "Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ó ṣe àyẹ̀wò, a ó sì mọ èyí tó jẹ́," n kò bá ti fi oṣù mẹ́rin tafà sínú òkùnkùn.

Ìrora náà ńkọ́? Ẹni tí kò bá ṣe rí, ó ṣòro láti ṣàlàyé fún un. Ibì kan lórí ẹsẹ̀ mi wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá já a léèékánná, n kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n bí aṣọ ìbora bá kàn rà á kọjá lóru, bí ẹni pé wọ́n da ẹ̀yín iná sí i ni. Nígbà mìíràn yóò ta wàì láti itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, yóò sì dákẹ́. Oògùn ara ríro tí gbogbo ayé ń lò kò fọwọ́ kàn án. Mo lò ó títí inú fi ń run mí, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó ń ṣàṣejù, kí dókítà mìíràn tó ṣàlàyé pé irora iṣan ìmọ̀lára ní oògùn tirẹ̀, irú bíi gabapentin, pregabalin, amitriptyline àti duloxetine. Díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi kún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lè mú oorun kun ènìyàn tàbí kí òòyì máa kọ́ ọ, a kò sì gbọ́dọ̀ kàn dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Kò pa irora mi run. Ó dín in kù débi tí mo fi lè sùn wákàtí 5 lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúpẹ́ púpọ̀ fún wákàtí 5 yẹn.

Ohun kan wà tí mo ṣe tí kò dára, mo sì fẹ́ kí ẹni tó wà nínú irú rẹ̀ gbọ́. Wọ́n fún mi ní ike ìgbẹ́sẹ̀ró, èyí tí a ń kì bọ inú bàtà tó sì ń gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gòkè, kí iwájú ẹsẹ̀ má baà rọ̀. N kò lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo rò pé bí mo bá wọ̀ ọ́, mo ti gbà pé arọ ni mí nìyẹn. Mo ń gbé orúnkún sókè gan-an bí ẹni tó ń la odò kọjá, títí ọjọ́ kan tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kọ́ etí kápẹ́ẹ̀tì, tí mo sì ṣubú sórí ìgbáròkó tuntun. Ọlọ́run yọ mí, egungun kò yẹ̀. Ọmọbìnrin mi kò bá mi wí. Ó kàn lọ gbé ike náà wá, ó kúnlẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ pé bí ẹsẹ̀ bá ń rọ̀ sílẹ̀ ṣáá, okùn iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ yóò súnkì, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí iṣan ìmọ̀lára bá padà dé, yóò bá ẹsẹ̀ tí kò ṣeé gbé mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń na gìgísẹ̀ mi láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora tún ń fẹ́ kí ojú ṣe iṣẹ́ awọ fún un. Lálaalẹ́ ni mo ń fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi àti gbogbo ibi tí ike náà ti ń kàn mí lára, bóyá ó ti bó tàbí ó ti pọ́n. Ọwọ́ ni mo fi ń tọ́ omi wò kí n tó wẹ̀. N kì í gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ìgbáròkó kò fẹ́ ẹ, iṣan tó yí gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún náà kò sì fẹ́ kí a tẹ òun. Mo ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò mọ ibi tí bíréèkì wà lè pa ẹlòmíràn.

Àwọn ènìyàn mi ń sọ fún mi pé kí n máa dúpẹ́, ó ṣe tán, ìgbáròkó tó ń dá mi lóró fún ọdún mẹ́fà kò ro mí mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò ro mí mọ́ rárá, mo lè jókòó, mo lè yí ara padà lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Mo fẹ́ kí wọ́n fún mi láyè láti dúpẹ́ fún ìgbáròkó kí n sì tún ṣọ̀fọ̀ ẹsẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pè mí ní aláìmoore. Dókítà kan ṣoṣo ló tíì sọ fún mi rí pé, "Ó dùn mí pé èyí ṣẹlẹ̀ sí yín." Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ṣì ń gbọ́ ọ létí.

Wọ́n ti sọ fún mi pé bí kò bá sí àyípadà lẹ́yìn àkókò tó tó, wọ́n lè mú okùn iṣan kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀, kí wọ́n darí rẹ̀ wá sí orí ẹsẹ̀ kó lè máa gbé e sókè. N kò tíì pinnu. Iṣẹ́ abẹ mìíràn ń bà mí lẹ́rù, inú mi sì dùn pé mo mọ̀ pé ọ̀nà náà wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, físíò ní kí n di ojú mi, kí n sì ronú pé mo ń fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi wá sí ojúgun. Ó gbé ìka rẹ̀ lé iwájú ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Ó gbé ọwọ́ èmi náà síbẹ̀, mo sì fọwọ́ kàn án: okùn iṣan náà mì díẹ̀ lábẹ́ awọ, bí ìgbà tí ipéǹpéjú bá ń ṣẹ́. Ẹsẹ̀ náà kò gbéra kúrò nílẹ̀. Mo wo kàlẹ́ńdà nígbà tí mo délé, mo sì fi bírò pupa yí ọjọ́ náà ká, ọjọ́ 427.