Ta ló tún kó Python sí /opt?

Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlélógún ni mò ń bójú tó ní Àkúrẹ́ níbí, Linux ni gbogbo wọn ń lò láti ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí méjì tó jọra. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti ọ̀kan wà nínú fódà /usr/local/bin, ti òmíràn wà nínú fódà /opt. Ti ẹ̀kẹta ńkọ́? Ẹ gbà mí o, inú /home, fódà ti ara ẹni, ọmọ kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ló wà! Mo pa àkáǹtì ọmọ náà rẹ́ pẹ̀lú fódà rẹ̀ lánàá, ni sọ́fítíwià tó ń ṣírò owó oṣù, tó ń lo Python yẹn, bá kọṣẹ́. Ohun tí a bá fọwọ́ ara wa kó wọlé, /usr/local ni àyè rẹ̀. Ní ti /usr/bin, ti apt ni, ètò tó ń bá wa kó sọ́fítíwià wọlé. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹni tó kó o síbòmíràn á ní: “Ẹ má bínú, ọ̀gá, mo kàn fẹ́ dán an wò ni.” Ìdánwò ọdún méjì! Iná tún ti lọ báyìí, mi ò tíì tún PATH (àkọsílẹ̀ àwọn fódà tí kọ̀ǹpútà ti ń wá ètò) ẹyọ kan ṣe.