Itọ́ ajá kì í ṣe oògùn egbò ajá

“Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ń tọ́jú ara ẹ̀ ni. Itọ́ ajá loògùn ajá.”

Bàbá tó ń ṣọ́ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ni ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lójúde wa sọ ọ́, àbúrò mi sọ ọ́, ọ̀gbẹ́ni tó fa ajá náà lé mi lọ́wọ́ pàápàá sọ ọ́ lórí fóònù. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ń kó lọ sí Kánádà, kò rẹ́ni bá a tọ́jú ajá ẹ̀, ni mo bá gbà á. Tanímọ̀la lorúkọ ajá náà. Ó funfun láti orí dé ìrù, àfi etí ọ̀tún tó dúdú. Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ sùn sọ́dọ̀ mi, mi ò fojú ba oorun. Sàpà, sàpà, sàpà, ahọ́n ló ń dún bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú wò. Irun àárín ọmọ ìka tó yẹ kó funfun ti pọ́n bí aṣọ àlà tí tíì dà sí. Itọ́ ló ń pa irun ajá láró bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan: ajá náà ti ń lá ara rẹ̀ tipẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Níbi tí ìrù ti so mọ́ ẹ̀yìn, irun ti re dànù, awọ ibẹ̀ sì tutù rinrin. Á lá a, á fi eyín iwájú gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń họ àgbàdo sísè jẹ, á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ tàwọn èèyàn, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ń dùn mí di báyìí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú ibẹ̀ ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún méjì, ọyún ti ń yọ níbẹ̀, ó sì ń rùn. Bí mo bá na ọwọ́ síbẹ̀, ajá tí kò gbó mọ́ mi rí á máa kùn.

Ìgbàgbọ́ yìí ò ṣàdédé wáyé o, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1990 fi hàn pé itọ́ ajá lè pa oríṣi kòkòrò àìfojúrí méjì, E. coli àti Streptococcus canis. Àwọn méjèèjì wà lára ohun tó máa ń pa ọmọ ajá tuntun, torí náà, ìyá ajá tó ń lá ọmú ara rẹ̀ àti ara ọmọ rẹ̀ ń ṣe ohun tó dáa. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí mìíràn, Staphylococcus, ló sábà máa ń sọ egbò ara ajá di ọlọ́yún, itọ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ran ìyẹn. Inú ẹnu ajá, imú rẹ̀ àti ihò ìdí rẹ̀ gan-an ni kòkòrò yẹn ń gbé. Bí ajá ṣe ń lá egbò, ṣe ló ń gbé e lọ síbẹ̀.

Ahọ́n yẹn náà ló ń ká èépá kúrò kí awọ tó rí àyè hù. Ojú egbò ò ní gbẹ, kòkòrò àìfojúrí sì fẹ́ràn ibi tó bá tutù. Bó ṣe ń lá a ló ń yún un sí i, bó ṣe ń yún un sí i náà ló ń lá a.

Àwọn mìíràn á ní ṣebí ajá lá egbò Lásárù nínú Bíbélì. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù rí pé àwọn ajá yẹn ló ń wò ó sàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún Lúùkù orí 16 kà. Ní ẹsẹ 21, ajá lá egbò ọkùnrin náà. Ní ẹsẹ 22, ó kú. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé egbò kankan jinná.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni mo gbé Tanímọ̀la lọ lọ́jọ́ kẹfà. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà. Kò tíì fọwọ́ kan egbò tó fi ní kí n bá òun di ajá náà mú, ó rẹ tíṣù funfun sómi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wá mú ìyarun eléyín wẹ́wẹ́, ó yà á láti àárín ẹ̀yìn títí dé ìdí ìrù. Ohun dúdú kan tó kúnná bí èédú tí wọ́n lọ̀ ń já bọ́ sórí tíṣù. Ìdọ̀tí lásán ni mo pè é. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ omi pupa yí ara rẹ̀ ká.

“Ẹ wò ó, mà,” dókítà wí, “ẹ̀jẹ̀ ajá yín nìyẹn. Fílíì ló mu ún, tó sì yàgbẹ́ ẹ̀ síbẹ̀.”

Kì í ṣe eégbọn o. Eégbọn máa ń so mọ́ awọ, ẹ máa rí i. Kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni fílíì, ó kéré gan-an, ó pẹlẹbẹ, ó sì máa ń tọ kiri, ẹ lè yẹ ajá wò láàárọ̀ kí ẹ má rí ẹyọ kan. Itọ́ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ itọ́ fílíì ni. Ara àwọn ajá kan kì í gba itọ́ yẹn rárá, ìgéjẹ díẹ̀ péré tó kí wọ́n máa họra fún ọjọ́ púpọ̀, ìdí ìrù àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń mú jù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í gbé ara ajá. Bí fílíì ilé kan bá jẹ́ 100, bíi 5 ló wà lára ajá. 95 yòókù jẹ́ ẹyin, ìdin, àti èyí tó fi òwú wé ara rẹ̀ sínú kápẹ́ẹ̀tì, sábẹ́ àga, sínú aṣọ tí ajá ń sùn lé. Abo kan lè yé ẹyin 40 sí 50 lójúmọ́. Èyí tó wà nínú òwú lè dúró fún oṣù mélòó kan, oògùn tí ẹ bá fín kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn á fi wẹ ajá lónìí, tó fi máa tún máa họra lọ́la.

Kì í ṣe gbogbo ajá tó ń lá ara rẹ̀ ló ní fílíì. Bó bá jẹ́ ọmọ ìka nìkan ló ń lá, ó lè jẹ́ oúnjẹ, eruku tàbí koríko lara rẹ̀ kọ̀. Bó bá jẹ́ etí àti ìgbọ̀nwọ́ ló ń họ, kúrúnà ni kí ẹ fura sí, èyí tó lè mú kí ara ẹ̀yin náà máa yún yín. Oríkèé kan ṣoṣo tó ń lá ní gbogbo ìgbà lè máa ro ó. Àárò ilé tó ti kúrò náà lè mú ajá tuntun máa lá ara rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà wo ara rẹ̀ kí ẹ tó dá àárò lẹ́bi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe nígbà tí itọ́ ò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnì kan ní kí n fi óìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù kùn ún. Ajá tó ń lá ara rẹ̀ láti alẹ́ dàárọ̀, kí lẹ rò pé ó máa fi óìlì yẹn ṣe? Ẹlòmíì ní kí n po ọ̀tapiápiá mọ́ omi wẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láéláé. Ó ń gba awọ wọlé, ó ń gba ẹnu wọlé; itọ́ á máa dà lẹ́nu ajá náà, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, gìrì á gbé e, ó sì lè kú lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Tanímọ̀la ò le. Wọ́n fá irun ojú egbò, wọ́n fi chlorhexidine, oògùn olómi tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, fọ̀ ọ́, wọ́n fún un lóògùn ọyún àti hóró oògùn tó ń pa fílíì. Wọ́n fi ike kan tó rí bí àrọ sí i lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnu rẹ̀ má bàa dé ìdí ìrù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó ń forí gbá ilẹ̀kùn kiri, àbúrò mi sì ní ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́. Mi ò yọ ọ́. Ọjọ́ kẹta, ojú egbò ti gbẹ. Èmi náà fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mò ń gbálẹ̀ dé abẹ́ àga, mo sì ń fún un ní oògùn fílíì náà lọ fún oṣù mẹ́ta nítorí àwọn tó ṣì wà nínú òwú.

Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń jẹ́ kí ajá lá egbò ẹsẹ̀ òun nítorí pé itọ́ ajá loògùn, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Inú itọ́ yẹn ni dígbòlugi ń gbà wọ ara èèyàn. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, pàápàá bí kò bá dá a lójú pé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ìdí ìrù Tanímọ̀la, ó múlọ́ bí irun orí ọmọ tuntun. Ní báyìí, bí mo bá gbọ́ sàpà, sàpà lóru, omi ló ń mu.